Nigeria Airways, Virgin Nigeria, Nigeria Air: Ta Ló Ni Èwo Nínú Wọn?

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bàálù ìjọba bá délẹ̀ nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu kì í kò. Bàbá kan á ní Nigeria Airways ṣì wà níbì kan, pé orúkọ lásán ni wọ́n yí. Ẹlòmíràn á ní Virgin ti rà á tipẹ́. Ẹnì kẹta á búra pé òun fojú ara òun rí bàálù tí wọ́n kọ Nigeria Air sí lára lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2023, pé ó ti ń gbé èrò. Kí wọ́n tó sinmi, ọmọ LAUTECH kan tó ń kọjá lọ á ti dá sí i pé Air Peace ni ti ìjọba báyìí. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí jọra wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ tú u palẹ̀, nítorí owó gbogbo wa ló bá a lọ, ẹ̀mí àwọn èèyàn wa náà sì bá a lọ.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni pé orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí ara bàálù kò sọ ẹni tó ni ín. Ilé-iṣẹ́ kan lè ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, kí bàálù tó gbé yín jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí àwọn tó ń wà á sì máa gbowó oṣù lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn lẹ́tà kéékèèké kan wà lápá ìrù bàálù, lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: 5N ni ti Nàìjíríà, ET ni ti Ethiopia, C ni ti Kánádà, G ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá wà ní pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin, tí bàálù kan sì yẹ̀gbẹ́ sí yín, ẹ wá àwọn lẹ́tà yẹn kí ẹ tó ka orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú. Wọ́n ń sọ ìlú tí wọ́n ti forúkọ bàálù náà sílẹ̀ àti òfin ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó gbòmìnira. Ní 1946 ni ìjọba òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gáńà lónìí, Sàró àti Gambia pawọ́ pọ̀ dá West African Airways Corporation sílẹ̀. WAAC ni wọ́n ń gé e pè. Ní 1947 ló bẹ̀rẹ̀ sí fò. Bàálù tó fi bẹ̀rẹ̀, de Havilland Dove, kéré gan-an, èrò mẹ́jọ sí mọ́kànlá ló ń gbà. Ẹ rántí pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń lọ Gold Coast ṣòwò láyé ìgbà yẹn. Agboolé tí kò ní ẹni tó ti gbé Kùmásì tàbí Tàmálè rí kò pọ̀ ní Òkèlérin àti Ìsàlẹ̀ Ọ̀rà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn wọ̀nyẹn wọ̀ lọ, pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn òyìnbó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olówó díẹ̀ ni ń wọ bàálù WAAC láti Èkó dé Àkírà.

Nígbà tí Gáńà gbòmìnira ní 1957, kò pẹ́ tó fi ní òun fẹ́ ṣe tòun lọ́tọ̀. Ní 1958 ni Ghana Airways bẹ̀rẹ̀, WAAC sì tú ká. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà nípò mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ àti ìrìnnà òfuurufú nínú ìjọba àpapọ̀ lásìkò náà, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Orúkọ rẹ̀ la fi ń pe yunifásítì wa, LAUTECH, ṣùgbọ́n mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó mọ̀ pé lójú rẹ̀ ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ bàálù Nàìjíríà sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1 Oṣù Kẹwàá 1958 ni WAAC Nigeria bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ní ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster àti BOAC, ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín ìyókù. Ní 1961 ni ìjọba ra ìpín àwọn òyìnbó, tí gbogbo rẹ̀ fi di tiwa. Orúkọ WAAC ṣì wà lórí ìwé títí di 1971, kí wọ́n tó sọ ọ́ di Nigeria Airways gan-an.

Nítorí náà, bí ẹ bá kà á níbì kan pé 1946 ni wọ́n dá Nigeria Airways sílẹ̀, tí ẹ tún kà á níbòmíràn pé 1958 ni, tí ẹnìkan sì ní 1971, kò sí ẹni tó purọ́ fún yín. Ọdún tí wọ́n bí òbí rẹ̀ ni àkọ́kọ́, ọdún tí wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ ni ìkejì, ọdún tó gba orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ni ìkẹta.

Bàálù ńkọ́? Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ tèmi-tìẹ ti wọ̀ ọ́. Bàálù ńlá Stratocruiser tó ń ná Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó fún WAAC Nigeria, ti BOAC ni. Àwọn òyìnbó ló ń wà á, WAAC kàn ń háyà rẹ̀ ni. Tiwa gan-an ni àwọn kéékèèké tó ń rin àárín ìlú sí ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Fokker F27 dé láti Netherlands, bàálù oní-ẹ́ńjìnnì méjì tó ń gbé bí èèyàn 40, ó sì ṣe bẹbẹ lórí àwọn ọ̀nà abẹ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1969 ni wọ́n ra VC10 kan lọ́wọ́ BOAC. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàálù ńlá tó ń lọ òkè òkun máa jẹ́ tiwa, tí 5N sì wà lára rẹ̀. Inú gbogbo ìlú dùn. Kò tó oṣù méjì tó dé, ní 20 Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, ó ti ya Rome, ó ti ya Kánò, ó wá já nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ní Èkó. Èèyàn 87 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yè.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, àwọn bàálù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Boeing 707 dé ní 1971. Boeing 737 àti Fokker F28, tó ń lo ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì, tẹ̀lé e. DC-10 dé ní 1976, Airbus A310 mẹ́rin dé ní àárín àwọn ọdún 1980. Nígbà tí nǹkan ṣẹnuure jù, bàálù bí 30 ló wà lọ́wọ́ Nigeria Airways. Àmì ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ erin tó ní ìyẹ́, wọ́n sì ń pè é ní erin tó ń fò. Lọ́ńdọ̀nù, New York, Jeddah, gbogbo rẹ̀ ló ń dé. Èyí ni àwọn bàbá wa ń rántí tí wọ́n fi ń mí kanlẹ̀. Àrọ̀sọ kọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí DC-10, torí pé tòsí wa níbí ni ọ̀kan ti parí ìrìn àjò rẹ̀. Bàálù gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ní, méjì lábẹ́ ìyẹ́ apá, ọ̀kan nínú ìrù lókè téńté. Ní 10 Oṣù Kìíní 1987, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 5N-ANR wà ní Ìlọrin, wọ́n ń fi kọ́ àwọn awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ tí wọ́n sì ń gbéra. Èrò kankan ò sí nínú rẹ̀. Ó sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró lórí pápá, ó gbiná, ó sì jóná kọjá àtúnṣe. Ọlọ́run yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó kú. Àwọn kan ń sọ ọ́ ládùúgbò pé ọ̀pọ̀ èrò Mẹ́kà ló kú sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀, jàǹbá Jeddah ni wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́, mo sì ń bọ̀ níbẹ̀. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe DC-10 ní Amẹ́ríkà dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1989, Nigeria Airways ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn pátápátá fún. Ọdún méjì péré ni lẹ́yìn tí ti Ìlọrin jóná. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń jẹ gbèsè ṣì ń gba bàálù tuntun nílé àwọn tó ń ṣe é.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ háyà, ibẹ̀ gan-an ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣókùnkùn. Oríṣi méjì ni háyà bàálù. Bí ìdílé kan bá háyà bọ́ọ̀sì ní gáréèjì lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n lè gbà á pẹ̀lú dírẹ́bà rẹ̀ àti mẹkáníìkì tó mọ àìsàn rẹ̀, wọ́n sì lè gba kọ́kọ́rọ́ nìkan kí wọ́n wá dírẹ́bà tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàálù. Nínú èyí tó wá pẹ̀lú awakọ̀, ẹni tó ni bàálù ló ni awakọ̀, òun ló ń tún un ṣe, òun ló sì ń pinnu bóyá ó tó gbéra. Ẹni tó háyà kàn ń kó èrò wá ni. Lásìkò hajj, nígbà tí èrò bá pọ̀ ju bàálù lọ, irú èyí ni Nigeria Airways máa ń ṣe.

Ìyá wa kan ní Ìjẹrù tó lọ Mẹ́kà láyé ọjọ́sí ṣì tọ́jú ìdí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú Kùránì. Ìwé pẹlẹbẹ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa fún kábọ̀ọ̀nù, débi pé tí ẹ bá fọwọ́ kàn án títí dòní, á yí yín níka. Lójú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà ìrìn àjò, lẹ́tà méjì ló ṣáájú: WT. Nigeria Airways ni WT. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni lẹ́tà yẹn ń sọ. Kò sọ bàálù ẹni tí màmá wọ̀.

Ní 22 Oṣù Kìíní 1973, Boeing 707 kan kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jeddah fún Nigeria Airways, ó sì já ní Kánò nígbà tó ń balẹ̀. Èèyàn 176 ló kú. Ti ilẹ̀ Jọ́dánì ni bàálù náà. Ní 11 Oṣù Keje 1991, DC-8 kan gbéra ní Jeddah, ó ń lọ sí Sókótó. Nigeria Airways ló ta tíkẹ́ẹ̀tì, WT ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Nationair ti Kánádà ló ni bàálù, C ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ìrù rẹ̀, ọmọ Kánádà sì ni gbogbo àwọn 14 tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà méjì kò tó. Àwọn tó ń bójú tó bàálù náà mọ̀ kí ó tó gbéra, wọn ò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i torí pé kò gbọdọ̀ pẹ́. Bó ṣe ń sáré lórí pápá ni táyà náà gbóná tó sì bẹ́, iná mú, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ bàálù pẹ̀lú iná náà wọ inú. Èèyàn 261 ló kú, 247 nínú wọn jẹ́ alálàájì wa. Títí dòní, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé bàálù Nigeria Airways ló já. Ohun tó dùn mí ni pé bí a bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ò ní bi àwọn tó yẹ ká bi. Ìbéèrè tó yẹ Nigeria Airways ni: báwo lẹ ṣe yan ẹni tí ẹ gbé àwọn èèyàn wa lé lọ́wọ́? Ìbéèrè nípa táyà, ti Nationair ni.

Kí ló wá pa erin yẹn? Ohun tó pa á pọ̀, àmọ́ ọwọ́ ìjọba ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù. Bí ìjọba ológun bá ti ń yí padà ni wọ́n ń yí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ padà. Àwọn ọlọ́lá àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ń wọ bàálù láìsanwó tàbí kí wọ́n jẹ gbèsè tí wọn ò ní san. Òṣìṣẹ́ ń pọ̀ sí i, bàálù ń dín kù. Ní 1979 ìjọba gbé àkóso rẹ̀ fún KLM ti Netherlands fún ọdún méjì, nǹkan sì fẹ́ rọ́gbọ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ó padà síbi tó wà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń dá àwọn bàálù rẹ̀ dúró nílẹ̀ òkèèrè nítorí gbèsè. Ní 1997 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó má wọ ìlú àwọn mọ́ nítorí ààbò, ìjọba wa náà sì fi dídá British Airways dúró gbẹ̀san. Ní 2003, lábẹ́ Ààrẹ Ọbásanjọ́, wọ́n ti í pa. Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ: ilé, ilẹ̀, irinṣẹ́, ìyókù bàálù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gé.

Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni mo káàánú jù. Awakọ̀ wà nínú wọn, ẹnjiníà wà, àwọn obìnrin tó ń sin èrò nínú bàálù wà, àwọn tó ń gbẹ́rù náà wà. Ọdún 2018 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí san ìdajì owó ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ wọn. Láti 2003 sí 2018, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni. Ọ̀pọ̀ ti kú kí owó tó dé, àwọn ọmọ wọn ló lọ tò fún àyẹ̀wò ìwé. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má da ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn nù.

Virgin kò ra Nigeria Airways. Ilé-iṣẹ́ tuntun ni Virgin Nigeria. Àdéhùn rẹ̀ wáyé ní 2004. Virgin Atlantic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpín 49, àwọn oníṣòwò Nàìjíríà ní 51. Ní 28 Oṣù Kẹfà 2005 ló kọ́kọ́ fò láti Èkó lọ Lọ́ńdọ̀nù, Airbus A340 ló sì lò. Kò jogún bàálù erin yẹn, kò sì jogún gbèsè rẹ̀. Ní 2009 ó dáwọ́ ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn dúró. Lọ́dún yẹn kan náà ló di Nigerian Eagle Airlines, ní 2010 ó di Air Nigeria, ní 2012 ó kógbá sílé. Orúkọ mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da Air Nigeria yìí pọ̀ mọ́ Nigeria Air tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀.

Ní Oṣù Keje 2018 ni mínísítà ìrìnnà òfuurufú, Hadi Sirika, ṣí aṣọ lójú orúkọ àti àmì Nigeria Air níbi àpéjọ bàálù Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù kankan kò sí nílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n dá ètò náà dúró. Ní 2022 ó tún gbérí: Ethiopian Airlines máa ní 49, ìjọba Nàìjíríà 5, àwọn oníṣòwò máa pín ìyókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù abẹ́lé gbé e lọ sílé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, ilé-ẹjọ́ sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀ kankan. Ní 26 Oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ mẹ́ta kí Ààrẹ Buhari tó kúrò, Boeing 737 kan balẹ̀ ní Àbújá, àwọ̀ Nigeria Air ló wà lára rẹ̀. Bàálù táwọn bàbá wa rí lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. ET ló wà nídìí ìrù rẹ̀. Ti Ethiopian Airlines ni, wọ́n háyà rẹ̀ wá fún ìfihàn ni, láìpẹ́ ló sì padà sílé. Kò gbé èrò kan. Mínísítà tó gbapò, Festus Keyamo, dá ètò náà dúró lọ́dún yẹn, nígbà tó sì di 2024, ilé-ẹjọ́ fagi lé àdéhùn náà.

Ó kù ti Air Peace. Ẹnìkan ló ni ín, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, kì í ṣe ti ìjọba. Ìdí tó fi dà bíi ti ìjọba ni pé ẹ̀tọ́ láti fò lọ sí ìlú òkèèrè kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ bàálù, ti orílẹ̀-èdè ni. Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á fọwọ́ síwèé pé bàálù tiwa lè lọ sí tọ̀hún iye ìgbà báyìí lọ́sẹ̀, tiwọn náà lè wá sí tiwa. Ìjọba á wá yan ilé-iṣẹ́ tó máa lo ẹ̀tọ́ náà. Nígbà tí Nigeria Airways ti kú, ìpín wa kò bá a kú, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ẹni tó lágbára láti lò ó dáadáa, àwọn àlejò sì ń kó èrò wa lọ ní iye tí wọ́n fẹ́. Ní 30 Oṣù Kẹta 2024 ni Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí lọ Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó, lábẹ́ ẹ̀tọ́ yìí, torí pé mínísítà yàn án. Lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ní gan-an tó ń gbé èrò lábẹ́lé ni Ibom Air, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ló sì ni tirẹ̀, kì í ṣe Àbújá.